Kọ́kọ́rọ́ Abọ́ṣẹ̀dé

Rélùwéè ò dé Èkìtì rí.
Ẹ má bá mi jiyàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fì àsíá
ní Ọ̀fà, ní Òṣogbo, ní ibùdó kan tí igbó ti gbà padà;
bí ìsinmi bá dé, mọ́tò ni mo ń wọ̀ wálé,
eruku pupa lára ṣòkòtò mi títí dé Ìkẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo yọ ilẹ̀kùn yàrá àlejò,
mo gbé e lé àpótí mẹ́rin,
mo la ojú irin sórí rẹ̀.
Òkúta ìdí ògiri tó wó ni mo fi ṣe Olósùnta,
kànìnkànìn tí mo kùn ní àwọ̀ ewé ni igbó rẹ̀.
Ọkọ̀ ojú irin mi kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́,
ṣùgbọ́n ó ń dé Ìkẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kì í pẹ́.

Ibi tí títì ti gba orí irin kọjá ló kù.
Mo ṣe igi ìdènà, mo kùn ún ní pupa àti funfun,
kò sóhun tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀
àfi Pijó àtijọ́ méjì àti ìjàpá kan,
ìjàpá onítáyà ni mo wí, èyí tí àwọn tíṣà máa ń wà.
Fálúyì wò ó, ó ní, "Ayé àná lo kọ́ yìí."
Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.
Bí mọ́tò tó dúró bá jẹ́ ti àná,
ọkọ̀ ojú irin ti kọjá nìyẹn, ó ti di ìpàǹtí.
Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti òwúrọ̀ yìí,
a jẹ́ pé ó ń bọ̀.

Mo bá lọ wá ti òwúrọ̀ yìí l'Ádó.
Igi ìṣáná tí mo ṣẹ́ sí méjì wà lápò mi:
bí ènìyàn ṣe ga mọ nílùú mi nìyẹn.
Ní Ọjà Ọba, ọmọbìnrin kan gbé jíìpù jáde,
ó tóbi bíi sálúbàtà.
Mo gbé igi ìṣáná tì í.
Eèrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ erin.
"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó lẹ fẹ́ rà á fún?"
Mo ní, "Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin."
Kò rẹ́rìn-ín.
Ẹlòmíràn mú ọkọ̀ eré ìje wá, wọ́n ya iná sí i lára.
Ta ní ń fi iná gun òkè Ìkẹ́rẹ́?
Siẹ́nà tí wọ́n di iṣu mọ́ lórí ni mo ń wá,
Hílọ́ọ̀sì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀,
Márúwá, ẹyọ kan péré.
Wọ́n ti ṣe ti ará òkèèrè ní kékeré;
ta ni yóò ṣe tiwa?

Mo bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, mo wọ Márúwá relé.
Ohun tó ń mì lára kọ́kọ́rọ́ awakọ̀
ni mo rí kí n tó rí ojú rẹ̀:
Márúwá yẹ́lò, kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ,
táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.
Mo yọ igi ìṣáná.
Orí rẹ̀ kan ìbòrí rẹ́gí.

"Èló?"
Abọ́ṣẹ̀dé ní kò ṣeé tà.
Ẹni tí wọ́n jọ dáwó ra kẹ̀kẹ́ ló fún òun,
ẹni náà sì ti wà nínú ilẹ̀ láti Àjíǹde èṣí.
Mo ki owó mi bọ àpò. Ojú tì mí díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ Ẹtì, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú lẹ́nu ọ̀nà mi.
Ó wọlé, kò jókòó,
ó gbé e sẹ́yìn igi ìdènà bí ẹni gbé ẹyin,
kọ́kọ́rọ́ nà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí òpó iná tó wó.
Mo tan iná. Ọkọ̀ yọ lẹ́yìn Olósùnta.
Igi ìdènà wálẹ̀.
Márúwá dúró
bí ẹni tó níbi tó ń lọ.
Abọ́ṣẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn.

Níta, obìnrin kan gbé ẹ̀gẹ́ sínú kẹ̀kẹ́ ńlá, ó ń pariwo:
"Ọlọ́kẹ̀kẹ́ dà? Ilẹ̀ ń ṣú o!"

Mo ní, ẹ ní sùúrù, ìyá.
Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ná.